Kẹ̀kẹ́ Ológeere Nínú Ikùn Bàálù: Ìmúra Tó Yẹ Kí Èrò Ṣe Kí Ó Tó Kúrò Ní Ṣómólú àti Bàrígà

Òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́, Mushin àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, tó sì kan Bàrígà pẹ̀lú, kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ológeere, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí agbára ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún ń gbé lọ. Kẹ̀kẹ́ yìí wà lọ́wọ́ ọmọdé ní ojúlé, ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọ́kà níbi tí Yunifásítì Èkó wà, ó sì wà lọ́wọ́ àgbà tó ń fi ṣe eré ìdárayá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1979 ní Ìkẹjà, kò sì jìnnà sí wọn. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ lọ lo ìsinmi ní ìlú mìíràn ṣe lè mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ bàálù láìjẹ́ pé ó bàjẹ́, tàbí pé owó tí yóò ná lé e lórí ju owó tí ó fi rà á lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ní ìlànà púpọ̀ nínú, ṣùgbọ́n orí kókó kan ni gbogbo wọn dúró lé, pé ẹrù ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ lójú àwọn tó ń kó nǹkan sínú bàálù, àti pé iṣẹ́ tó ń sọ kẹ̀kẹ́ di ẹrù tó ṣeé gbé máa ń parí ní àdúgbò, lọ́wọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe àti oníṣẹ́ páálí, kí èrò tó fojú kan pápákọ̀ rárá.

Ojú tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù fi ń wò ó

Oríṣi ẹrù méjì ni èrò ń gbé wọ bàálù. Àkọ́kọ́ ni ẹrù ọwọ́, tí èrò fúnra rẹ̀ máa ń gbé wọlé tí yóò sì tì sókè orí àga tàbí sábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ẹrù tí òṣìṣẹ́ máa ń gbà níwájú káńtà, tí yóò wọ̀n ọ́n, tí yóò lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí ikùn bàálù. Inú oríṣi kejì yìí ni kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà wà, nítorí pé bó ti wù kí a tú u kéré tó, kò lè gba orí àga. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń kà á sí ohun èlò eré ìdárayá, ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ọ̀pá gọ́ọ̀fù.

Ìdí tí kẹ̀kẹ́ fi nílò ìlànà tirẹ̀ ni pé kò bá òṣùwọ̀n àpótí lásán mu. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, bí a bá ro gígùn, ìbú àti gíga àpótí kan pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju kìlógíráàmù 23 lọ fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó tí owó rẹ̀ kéré jù. Páálí tó gba kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà lè gùn ní sẹ̀ǹtímítà 140, kí ó ga ní 80, kí ó sì fẹ̀ ní 20, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 240. Ilé-iṣẹ́ kan lè gbójú fo gígùn náà kí ó sì kà á sí ọ̀kan nínú ẹrù tí tíkẹ́ẹ̀tì ti sanwó fún, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti wúwo jù. Òmíràn lè gba iye kan pàtó fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òmíràn sì tún lè gba owó ẹrù tó tóbi kọjá ààlà, èyí tó máa ń gani lára. Kìlógíráàmù 32 ni òpin tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi sí ẹrù ẹyọ kan, owó yòówù kí èrò fẹ́ san, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé e, wọn kò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣòfò.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èrò ṣe ni kí ó ka ìlànà ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ wọ bàálù rẹ̀ kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó sì sọ fún wọn lẹ́yìn tí ó bá rà á pé kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, torí pé àyè tó wà fún ẹrù ńlá nínú bàálù kan ní òǹkà. Èsì tí wọ́n bá fún un gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà dání. Ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà láti wọ bàálù mìíràn ní ìlú kẹta gbọ́dọ̀ tún wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni bàálù kejì, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kí ìlànà ẹrù sì yàtọ̀ láti apá kan ìrìn-àjò sí èkejì.

Ìrìn-àjò abẹ́lé ní ìṣòro tirẹ̀. Bàálù tí ó ń gbé èrò láti Èkó lọ sí àwọn ìlú mìíràn ní Nàìjíríà kì í fi gbogbo ìgbà tóbi: CRJ-900 ni Ibom Air fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019, Embraer 145 sì ni United Nigeria fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021. Ẹnu ọ̀nà ibi ẹrù nínú irú àwọn bàálù bẹ́ẹ̀ kéré ju ti bàálù ńlá tó ń lọ sí ìlú òyìnbó lọ. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní òkè Jos tàbí ní Obudu lè rí i pé ilé-iṣẹ́ gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n tí bàálù ọjọ́ náà kò ní àyè fún un, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ de bàálù tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bíbéèrè irú bàálù tí yóò fò ní ọjọ́ náà kì í ṣe àṣejù.

Páálí, níbi tí ọwọ́ Ṣómólú ti wúlò

Ohun mẹ́ta ni àwọn agunkẹ̀kẹ́ máa ń di kẹ̀kẹ́ sí. Àpótí líle tí wọ́n fi rọ́bà tó le ṣe ló ń dáàbò bò ó jù, ṣùgbọ́n òun nìkan lè wọn kìlógíráàmù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀. Báàgì aláṣọ tó ní fóòmù nínú fúyẹ́ díẹ̀, ó sì ṣeé ká mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá dé ibi tí à ń lọ. Páálí ló fúyẹ́ jù, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù, bí a bá sì ṣe é dáadáa, ó tó fún ìrìn-àjò kan lọ àti bọ̀. Ìṣirò ìwọ̀n ló máa ń pinnu: kẹ̀kẹ́ tó wọn kìlógíráàmù 13 nínú àpótí tó wọn 11 ti kọjá 23 kí a tó fi pọ́ǹpù kún un, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kan náà nínú páálí tó wọn mẹ́ta yóò fi àyè sílẹ̀ fún bàtà àti irinṣẹ́.

Èyí ni ibi tí àdúgbò yìí ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ àdúgbò kò ní. Ṣómólú gbajúmọ̀ jákèjádò Nàìjíríà fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé; láti apá Onípanu àti òpópónà Shipeolu dé Bajulaiye ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún, tí wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti páálí ọjà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó gé bébà, kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìlà, kí ó ká a, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ ohun tí páálí kẹ̀kẹ́ nílò. Páálí tó dára fún un ni èyí tó nípọn, tí bébà tó dọ́gbẹ́dọ́gbẹ́ bíi páànù orí ilé wà láàárín bébà méjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí àwọn ìdọ́gbẹ́ àárín yẹn ló ń gba ìkọlù kí ó tó dé ara irin. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tuntun ni èyí tó bá a mu wẹ́kú ti máa ń wá, torí inú rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́. Bí kò bá sí èyí, páálí fíríìjì tàbí ti tẹlifíṣọ̀n ńlá ṣeé gé kí a sì so pọ̀, bí ẹni tó gé e bá ti fi téèpù lílágbára yí gbogbo igun rẹ̀ ká, tí ó sì fi páálí kejì lé ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń wọ́ ọ nílẹ̀.

Títú kẹ̀kẹ́

Iṣẹ́ yìí kò gba ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ètò ló sì ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Pẹ́dà, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ni kí a kọ́kọ́ yọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró lórí táyà rẹ̀. Pẹ́dà ọ̀tún ń tú bí gbogbo síkúrù ṣe ń tú, ṣùgbọ́n òdìkejì ni ti òsì, apá ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí ni a ó yí sípánà sí kí ó tó tú. Àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí wíwà tí a ń wa kẹ̀kẹ́ má baà máa tú pẹ́dà náà díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ yóò máa dè é le sí i níbi tí ó ti rò pé òun ń tú u.

Lẹ́yìn èyí ni a ó sọ ìjókòó kalẹ̀ tàbí kí a yọ ọ́, a ó fi téèpù ṣe àmì sí ibi tí ó dé tẹ́lẹ̀ lára irin rẹ̀, a ó tú hándù, ìyẹn ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a ó sì yí i kí ó bá férémù, egungun kẹ̀kẹ́, lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà láìjá wáyà bíréèkì tàbí ti gíà. Ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ kúrò. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ láàárín apá méjèèjì fọ́ọ̀kì, tó ń di ẹsẹ̀ iwájú mú, nílò igi kékeré tàbí ike líle tí a ó fi há a, kí ẹrù tó bá wúwo lé e má baà tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́yìn, tó ń gbé ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sí òmíràn, ló máa ń tètè tẹ̀ jù nínú gbogbo ara kẹ̀kẹ́. Kí a tú u kúrò lára férémù, kí a fi aṣọ dì í, kí a sì so ó mọ́ inú. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ oníbíréèkì irin róbótó, èyí tó ń fún irin pẹlẹbẹ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ pọ̀ kí ó lè dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ fún bíréèkì nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò, nítorí bíréèkì yóò pa ẹnu dé. Bébà líle tí a ká ní ìṣẹ́po tí a fi sí ẹnu rẹ̀ ti tó láti dènà èyí. Gbogbo síkúrù àti nọ́ọ̀tì kéékèèké ni kí a kó sínú náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, kí a sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ní kí èrò dín in kù, àwọn kan sì rò pé táyà tó bá le yóò bẹ́ lókè. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún sínú bàálù èrò kan ibi ẹrù pẹ̀lú, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sáábà kéré ju ti orí òkè tó ga tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 8,000. Ní irú ibẹ̀, táyà tí géèjì fọkanáísà kà sí 60 ní Bàrígà yóò kà sí nǹkan bíi 64, èyí tí táyà tó lára le lè gbà láìṣe ìṣòro. Síbẹ̀, kí èrò dín in kù díẹ̀, torí òṣìṣẹ́ káńtà lè béèrè, ṣùgbọ́n kí ó má tú gbogbo rẹ̀ dànù, nítorí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú táyà ló ń dáàbò bo irin róbótó tí táyà jókòó lé nígbà tí páálí bá ṣubú.

Ohun tí ewu wà nínú rẹ̀

Kẹ̀kẹ́ oníná, èyí tí bátìrì ń ràn án lọ́wọ́ láti gun òkè, kò lè bá èrò wọ bàálù pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Wáàtì-wákàtí, tí wọ́n ń kọ sára bátìrì gẹ́gẹ́ bí Wh, ni wọ́n fi ń wọn agbára tí bátìrì lè gbà pamọ́. Òfin àgbáyé fàyè gba bátìrì líthíọ̀mù tí kò ju 100 Wh lọ, ó ní kí èrò gba àṣẹ fún èyí tó wà láàárín 100 sí 160, ó sì ka èyí tó ju 160 lọ léèwọ̀ nínú bàálù èrò, torí pé iná rẹ̀ ṣòro láti pa bí ó bá ràn. Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná sì sábà máa ń tó 300 Wh tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì kékeré tí a fi ń gba agbára fún fóònù àti ti iná ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣeé yọ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù ọwọ́. Sípánà ńlá àti àwọn irinṣẹ́ ẹlẹ́nu mímú gbọ́dọ̀ wà nínú páálí ní tiwọn. Àwọn agolo gáàsì kékeré tí àwọn kan fi ń fẹ́ táyà lójú ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ wọlé láìgba àṣẹ ilé-iṣẹ́, ó sì rọrùn kí èrò gbé pọ́ǹpù ọwọ́ dání dípò wọn.

Láti Bàrígà dé Ìkẹjà

Páálí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 140 kò lè wọ kẹ̀kẹ́ Máàrúwá, kò sì rọrùn láti fi há èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú dánfó. Ọkọ̀ tí àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé ká mọ́lẹ̀ ló yẹ kí èrò háyà. Ojú ọ̀nà Gbàgádà sí Oṣòdì, tí èrò Bàrígà máa ń gbà, máa ń dí gan-an ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé ṣáájú ẹni tí báàgì nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹrù rẹ̀ kì í gba orí bẹ́líìtì tí àpótí kéékèèké ń gbà kọjá. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò lè má gba páálí náà, kí àwọn agbófinró sì ní kí wọ́n ṣí i. Ọlọ́gbọ́n èrò máa ń mú téèpù àti ọ̀bẹ páálí lọ́wọ́ dé ẹnu káńtà, kí ó lè dì í padà, kí ó sì ju ọ̀bẹ sínú páálí kó tó lẹ ẹnu rẹ̀. Àwòrán kẹ̀kẹ́ tí ó yà kí ó tó dì í, pẹ̀lú àwòrán páálí tí ó yà níwájú káńtà, ni ẹ̀rí tí yóò wúlò fún un bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀.

Bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́

Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ló ń darí ẹ̀tọ́ èrò lórí ẹrù ní ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, Nàìjíríà sì ti fi í sínú òfin rẹ̀, nínú Òfin Ìrìnnà Òfuurufú ti ọdún 2006 àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2022. Lábẹ́ àdéhùn yìí, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 7 tí ó gbà á, ẹni tí tirẹ̀ pẹ́ dé sì ní ọjọ́ 21. Òpin owó tí ilé-iṣẹ́ lè san fún èrò kan lórí ẹrù jẹ́ 1,519 SDR láti ìparí ọdún 2024; SDR ni òṣùwọ̀n owó tí Àjọ Àgbáyé fún Owó ń lò, iye yìí sì sún mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà 2,000. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀tọ́ láti kéde iye rẹ̀ níwájú káńtà, kí ó sì san àfikún tí wọ́n bá bù fún un.

Àdéhùn náà kò dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi fún ìbàjẹ́ tó wá láti inú àbùkù ẹrù fúnra rẹ̀, ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ fi máa ń fi dídì tí kò dára ṣe àwáwí. Nígbà mìíràn, wọ́n a ní kí èrò fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tó ń sọ pé ẹrù rẹ̀ kò ní ààbò tó. Kí ó kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá gba páálí rẹ̀ ní ibi tí ó dé, kí ó ṣí i níbẹ̀ kí ó tó jáde kúrò ní pápákọ̀, kí ó sì gba ìwé ìjábọ̀ ẹrù tó bàjẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, nítorí ẹni tó ti délé kó tó ké gbàjarè ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ tí òun wọ̀ ló fọ́ ọ. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá dáhùn, ẹ̀ka ìdáàbòbò èrò ní àjọ NCAA, tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ń gba ẹ̀sùn.

Ìgbà tí ó tọ́ láti mú un lọ

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Ese Ukpeseraye, wà ní Paris fún ìdíje Olympics ojú pópó, nígbà tí wọ́n fún un láyè lójijì láti tún díje nínú pápá àyíká, níbi tí kẹ̀kẹ́ kò ní bíréèkì tí ó sì jẹ́ onígíà kan ṣoṣo. Kò ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ Jámánì ló yá a ní ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ sì kéde rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn gbé lọ lè má jẹ́ èyí tí ibi tó ń lọ nílò. Àwọn ẹgbẹ́ tó lọ sí Kigali ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 fún ìdíje àgbáyé ojú pópó, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, kó kẹ̀kẹ́ tiwọn lọ torí pé ara wọn ti bá a mu, ìdíje sì ni wọ́n lọ ṣe. Ẹni tó fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rin lórí òkè Rwanda kò sí ní ipò kan náà. Bí ìrìn-àjò kò bá tó ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn tó ń háyà kẹ̀kẹ́ sì wà níbẹ̀, kí èrò ro owó ẹrù lọ àti bọ̀ papọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ tí yóò gbé páálí, kí ó sì fi wé owó háyà. Fún Kútọnu tàbí Lomé, ọkọ̀ ilẹ̀ tó ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá rọrùn fún kẹ̀kẹ́ ju bàálù lọ.

Ọ̀nà kejì tí kẹ̀kẹ́ ń gbà wọ bàálù ni ti ẹ̀bùn. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí ní Houston tí wọ́n ń bọ̀ wálé máa ń fẹ́ mú kẹ̀kẹ́ ọmọdé bọ̀. Èyí rọrùn ju ti àgbàlagbà lọ: kẹ̀kẹ́ ọmọdé tuntun ń bọ̀ nínú páálí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti dì, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì jìnnà sí òṣùwọ̀n àpótí lásán. Kí ẹni tó ń mú un bọ̀ má tú páálí náà, kí ó mú rìsíìtì dání fún àwọn aṣọ́bodè, kí ó sì mọ̀ pé ẹyọ kan fún ọmọ ẹbí yàtọ̀ sí márùn-ún, tí yóò jọ ọjà títà lójú wọn. Irú rìsíìtì yìí náà ló ń ran ẹni tó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde ní Èkó lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń padà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òkè òkun ni ó ti rà á.

Àbá tó borí gbogbo àwọn tó ṣáájú ni pé kí èrò dán iṣẹ́ náà wò ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó fò: kí ó tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò rẹ̀, kí ó dì í sí páálí, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó padà pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ó fẹ́ gbé lọ nìkan. Títú lásán kò tó, torí ẹni tó tú kẹ̀kẹ́ ní Bàrígà lè pe mẹkáníìkì sí i, ṣùgbọ́n níbi tí bàálù yóò gbé e dé, òun nìkan ni yóò wà pẹ̀lú síkúrù inú náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè tò ó padà ní ilé ara rẹ̀, kí ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí ó sì háyà òmíràn ní ibi tí ó ń lọ. Owó tí yóò ná kéré sí ti ẹni tó gbé irin tí kò lè gùn la òkun kọjá.